Àyíká àtijọ́ fún circuit ọkọ̀ ìje kékeré: bí a ṣe lè gbé Reims-Gueux ka orí tábìlì

Circuit ọkọ̀ ìje kékeré ni ohun ìṣeré tí àwọn ará Faransé ń pè ní circuit routier. Ojú ọ̀nà oníke dúdú ni, ègé-ègé ni a ń so ó pọ̀. Láàárín ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ihò tóóró kan wà, irin pẹlẹbẹ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà tó ń gbé kúráàn. Ọkọ̀ ní ahọ́n kékeré kan lábẹ́ tó wọ inú ihò yẹn: ibẹ̀ ló ti ń gba kúráàn, ibẹ̀ náà ló sì ń tọ̀. Ẹni tó ń ṣeré di ohun ìtẹ̀ kan mú lọ́wọ́. Bó bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni ọkọ̀ á ṣe sáré tó. Kò sí pé à ń yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, ọkọ̀ á fò jáde, ó di abẹ́ àga.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Fred Francis, ló gbé èyí tó lórúkọ jù, Scalextric, jáde ní ọdún 1957. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ kékeré tí a ń wé bí aago ló ń ṣe, Scalex lorúkọ rẹ̀. Ó fi mọ́tò oníná sínú ọkọ̀ náà, ó ṣe ojú ọ̀nà fún un, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ní Faransé, Circuit 24 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà ọdún 1960 mọ̀, débi pé àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń pe gbogbo irú ohun ìṣeré yìí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kì í ṣe ti ọkọ̀. Ti ohun tó yí ọ̀nà ká ni: ilẹ̀, oko, ilé, ènìyàn, ìpolówó ara ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń to circuit sílẹ̀ ní pálọ̀, tí wọ́n á kó o padà sínú páálí lálẹ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kàn án mọ́ pákó, tí wọ́n wá kọ́ ayé kan yí i ká, ayé ọdún 1950 tàbí 1960 ní pàtàkì. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì ń béèrè ìwádìí bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ibì kan ṣoṣo la ó mú ṣe àpẹẹrẹ, torí ẹni tó bá fẹ́ sọ ti gbogbo circuit ayé lẹ́ẹ̀kan náà kò ní sọ ti ọ̀kankan délẹ̀.

Ibi tí a yàn

Reims wà ní àríwá ìlà-oòrùn Faransé, ní ilẹ̀ Champagne. Gueux jẹ́ abúlé kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Láti ọdún 1926 ni wọ́n ti ń sá eré ìje ọkọ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe lórí pápá tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré. Títì ìjọba ni, tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀nà mẹ́ta ló pàdé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí igun mẹ́ta. Ọ̀kan ni títì ńlá RN31 tó ti Soissons wá sí Reims. Ọ̀kan ni D27, níbi tí àwọn ilé àtúnṣe ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní les stands, ti dojú kọ ibi ìjókòó àwọn òǹwòran, títì nìkan ló wà láàárín wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n la ọ̀nà mìíràn kí eré má bàa gba àárín abúlé mọ́, gígùn circuit sì wá di mítà 8 302.

Ibẹ̀ ni Mercedes ti padà sínú ìdíje Grand Prix ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1954: Juan Manuel Fangio, ọmọ Argentina, ṣe ipò kìíní, Karl Kling tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó ṣáájú, Mike Hawthorn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti na Fangio kan náà níbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìbejì. Ní 1966, Jack Brabham borí níbẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, ohun tí awakọ̀ kankan kò tíì ṣe rí nínú ìdíje àgbáyé. Ìgbà yẹn náà ni Grand Prix ilẹ̀ Faransé wáyé níbẹ̀ kẹ́yìn. Ní 1972, gbogbo rẹ̀ parí.

Àmọ́ àwọn ilé náà ṣì wà létí D27. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Les Amis du Circuit de Gueux ló ń tún wọn ṣe, tó ń tún àwọn orúkọ ara ògiri kùn. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn: fọ́tò rẹ̀ pọ̀, ti àtijọ́ àti ti òde òní, títì ìjọba sì ni, kò sí ẹni tí yóò gba owó ìwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ ní Faransé, ẹ lè ní kó dúró níbẹ̀ kó ya fọ́tò ilẹ̀kùn àti òrùlé fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó pinnu ni ọdún. Ẹ má kàn sọ pé “ayé àtijọ́”. Ẹ sọ pé “oṣù Keje 1954”. Ọdún yẹn ló máa sọ irú ọkọ̀ tó lè dúró sí ibùdókọ̀, irú aṣọ tí òǹwòran á wọ̀, irú orúkọ tó lè wà lára ògiri. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ Fangio sẹ́gbẹ̀ẹ́ Peugeot 404 ti ṣi í: 1960 ni 404 jáde. Ti 1954, Peugeot 203 ni, tàbí Renault 4CV, tàbí Citroën 2CV, tàbí kámíónẹ́ẹ̀tì Citroën H tí ara rẹ̀ rí wínníwínní bí páànù òrùlé. Àwọn bàbá wa tó ti gun 404 bâchée láti Kétu lọ sí Kútọnú á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú kan náà.

Ìdíwọ̀n

Ọkọ̀ Scalextric jẹ́ ìdíwọ̀n 1/32. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 32 ní ayé gidi di sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì. Ẹ mú nọ́ńbà gidi, ẹ fi 32 pín in, ó tán. Ènìyàn tó ga ní mítà 1,75 á di mílímítà 55. Ilẹ̀kùn mítà 2 á di mílímítà 62. Peugeot 403, tó gùn ní mítà 4,47, á di sẹ̀ǹtímítà 14.

Ṣùgbọ́n ẹ wo circuit fúnra rẹ̀. Mítà 8 302, tí a bá fi 32 pín in, ó di mítà 259. Pápá bọ́ọ̀lù méjì àtààbọ̀ nìyẹn, tí a tò wọ́n ní ìdúró tẹ̀ léra! Kò sí ẹni tó ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gé nǹkan kúrò. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ mú ibi méjì tí ojú mọ̀: iwájú àwọn stand, àti kọ́nà Thillois níbi tí RN31 ti yà sí D27. Ìyókù, kí ọ̀nà kàn gba àárín oko kọjá. Tí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan, gbogbo rẹ̀ á kéré, kò sì ní jọ ibì kankan.

Ọ̀nà oníke fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 àti díẹ̀, ìyẹn mítà 5 ní ayé gidi. RN31 fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi bèbè kun un lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú títì, ojú á gbà pé títì ńlá ni. Bèbè yìí wúlò fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ máa ń fì síta. Tí ẹ bá gbin igi tàbí ilé súnmọ́ ìta kọ́nà, ọkọ̀ á gbá a dànù lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi ibi gbalasa tó tó sẹ̀ǹtímítà 8 sílẹ̀ níta kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn ọkọ̀ tó dúró létí ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ onírin kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri, irú Dinky Toys àti Solido, 1/43 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má tò wọ́n sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ 1/32, wọ́n á dà bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri yàrá. Níbẹ̀, kíkéré wọn á jẹ́ kí ojú rò pé wọ́n jìnnà. Ti reluwé 1/87 kò wúlò fún nǹkan kan níbí, àfi bóyá ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan lókèèrè.

Pákó àti ojú títì

Contreplaqué tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí igi sì wà lábẹ́ rẹ̀ kó má bàa tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí tábìlì náà fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé lọ. Ọkọ̀ tó bá fò jáde, ẹ̀yin lẹ máa gbé e padà, ẹ kò sì ní fẹ́ gun orí oko àlìkámà yín.

Ọ̀nà oníke máa ń ga díẹ̀ ju pákó lọ. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń jọ ohun ìṣeré tí wọ́n gbé ka orí tábìlì, kò sì ní jọ títì. Ẹ wá fóòmù tàbí páálí tó nípọn bákan náà, kí ẹ fi kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ àti ọ̀nà á fi dọ́gba. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí dára fún òkè kéékèèké, ọ̀bẹ mímú ló ń gé e. Ẹ má fi kọ́lù tó ní òórùn líle lẹ̀ ẹ́, ó máa ń jẹ fóòmù náà. Kọ́lù funfun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò ló yẹ ẹ́.

Títì kì í dúdú. Ẹ jáde síta kí ẹ wò ó. Títì tí oòrùn ti pa fún ọdún díẹ̀, àwọ̀ eérú ni. Ike dúdú tó ń dán kò lè jọ títì láéláé. Ẹ po ọ̀dà olómi aláwọ̀ eérú tí kì í dán, ẹ fi téèpù bo irin méjèèjì, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eérú tó dúdú díẹ̀ kun ibi tí táyà ń gbà ní kọ́nà. Ẹ fi àbùlẹ̀ díẹ̀ sí i pẹ̀lú. Ní 1959, ooru mú ní Reims débi pé ọ̀dà títì yọ́, òkúta sì ń fò lu àwọn awakọ̀ lójú. Títì tó ní àbùlẹ̀ bá ìtàn ibẹ̀ mu ju èyí tó mọ́ nini lọ.

Ìlà àárín ńkọ́? Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ títì Faransé nígbà náà, ìlà yẹ́lò ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé ẹnì kan ti “franchi la ligne jaune”. Kí ẹ tó fa ìlà, ẹ wo fọ́tò ọdún tí ẹ yàn.

Ilẹ̀ àti oko

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwa ará ilẹ̀ pupa ti ń ṣìnà. Ilẹ̀ Champagne kì í ṣe pupa bíi ti Kétu tàbí Ṣábẹ. Ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ náà funfun díẹ̀, ó dà bí eérú tí a pò mọ́ wàrà. Tí ẹ bá fi iyèpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ṣe é láìpò ó mọ́ nǹkan kan, ẹ ti gbé Reims wá sí Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ẹ yọ́ iyèpẹ̀ náà, ẹ jọ̀ ọ́ pẹ̀lú ajọ̀ tó kúnná, ẹ pò ó mọ́ ẹfun lílọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun kọ́lù funfun olómi sórí ilẹ̀, ẹ wọ́n iyèpẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Èyí tí kò lẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù pátápátá, torí iyanrìn tó bá wọ inú ihò ọ̀nà á wọ inú mọ́tò.

Oṣù Keje ni wọ́n máa ń sá eré náà, àlìkámà sì ti pọ́n nígbà yẹn. Gbogbo fọ́tò àtijọ́ Reims ló ní i: títì tó tọ́ bí okùn, oko àlìkámà aláwọ̀ wúrà lọ́tùn-ún lósì, òfuurufú. Àlìkámà tó ga tó mítà kan á di sẹ̀ǹtímítà 3. Ohun tó dára jù tí a mọ̀ fún un ni ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi okùn ara èèpo àgbọn ṣe. Ẹ ra èyí tí kò ní àwòrán, ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí bí oko ṣe rí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà yẹ́lò tó ṣá fọ́n orí rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Níbi tí oko ti parí, ẹ fa okùn díẹ̀ tu kí etí rẹ̀ má rí bí ohun tí wọ́n fi rúlà gé. Ó tán. Àwọn ará Yúróòpù ń náwó lórí àlìkámà oníke, wọn kò sì rí ju èyí lọ.

Koríko etí títì: lẹ́búlẹ́bú pákó tí a rẹ sínú ọ̀dà ewé, tí a sá gbẹ. Ẹ ṣe oríṣi àwọ̀ mẹ́ta, kí ẹ wọ́n wọn pọ̀. Koríko aláwọ̀ kan ṣoṣo kò sí láyé. Fún igi, ẹ wá ẹ̀ka gbígbẹ tó ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ẹ fi kànrìnkàn onífóòmù tí a já wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Igi mítà 12 ga ní sẹ̀ǹtímítà 37, ó tóbi ju bí ẹ ti rò lọ. Igi díẹ̀ tó ga dáadáa sàn ju púpọ̀ tó kúrú.

Ìdì koríko

Ìdì koríko àlìkámà ló ń ṣe odi létí ọ̀nà nígbà náà. Ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 35. Lórí tábìlì, mílímítà 28 sí 14 sí 11. Ẹ gé fóòmù sí ìwọ̀n yẹn, ẹ fi kọ́lù kùn ún, ẹ yí i nínú ráfíà tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ wá fi òwú méjì dì í. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ogún nínú wakati méjì. Ẹ ó nílò tó ọgọ́rùn-ún.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọkọ̀ ń sáré kọjá níbẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, koríko dídì ló sì wà láàárín òun àti ènìyàn. Annie Bousquet, awakọ̀ obìnrin láti Faransé, kú lórí circuit yìí ní 1956, nínú eré wákàtí 12. Luigi Musso, ọmọ Italy, kú níbẹ̀ ní 1958 nígbà tí Ferrari rẹ̀ já kúrò lójú ọ̀nà. Ní Le Mans, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1955, ọkọ̀ Mercedes kan fò wọ àárín òǹwòran, ènìyàn tó ju 80 lọ ló kú. Níbẹ̀ náà, kò sí ògiri kankan láàárín àwọn stand àti ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ikú yẹn ni wọ́n wó àwọn stand náà tí wọ́n tún wọn kọ́.

A sọ èyí torí pé àwọn tó ń ṣe àyíká circuit máa ń tún ìtàn ṣe láìmọ̀. Wọ́n á fi irin ààbò gígùn sí etí ọ̀nà 1954, torí pé ó máa ń gbé ọkọ̀ dúró kó má jábọ́ sílẹ̀. Tàbí wọ́n á ti àwọn òǹwòran sẹ́yìn kí ó lè mọ́ lójú. A kò fara mọ́ ọn. Tí ẹ bá fẹ́ dá ọkọ̀ dúró, ẹ fi gíláàsì oníke tí kò hàn síta sí etí tábìlì. Létí ọ̀nà, ẹ fi ohun tó wà níbẹ̀ síbẹ̀: ìdì koríko, okùn, àwọn ọkùnrin tó kó ọwọ́ sápò, ayafọ́tò tó kúnlẹ̀ ní mítà méjì sí ọ̀nà. Ọmọ tó bá wò ó á béèrè pé, “Ṣé ẹ̀rù kò bà wọ́n ni?” Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó béèrè, maquette tó mọ́ tónítóní kò sì lè fà á jáde.

Àwọn stand àti ara ògiri

Ilé sìmẹ́ǹtì funfun ni, òrùlé rẹ̀ pẹlẹbẹ, iyàrá kéékèèké tó ṣí sí títì wà ní ìlà gígùn. Páálí líle mílímítà 2 tó fún ògiri. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo iwájú rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n 1/32, ẹ gé ihò fèrèsé kí ẹ tó so ó pọ̀, ẹ kun inú rẹ̀ kí ẹ tó lẹ òrùlé. Ilé tó bá wà lẹ́yìn pátápátá kò nílò ju ìdajì lọ: iwájú nìkan, tí a fi ti ògiri yàrá.

Ìpolówó ara ògiri ló ń sọ fún olùwòran pé ayé àtijọ́ nìyí. Ní àwọn circuit Faransé nígbà náà, orúkọ epo àti táyà ló pọ̀ jù: BP, Esso, Shell, Antar, Castrol, Dunlop, Englebert. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́, bíi ti àwọn tó ń kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́. Nítorí náà, lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde tààrà máa ń mọ́ jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi sáńdípépà ha ẹ̀yìn ìwé náà títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ẹ fi kọ́lù olómi lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ ara ògiri. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná kàn án fẹ́rẹ́ níbi tí òjò máa ń gbà ṣàn. Ó tán, ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú oòrùn.

Lára àwọn ọkọ̀ ìje fúnra wọn, ẹ má fi ìpolówó sí i. Títí di 1968, nígbà tí Lotus gbé àwọ̀ sìgá Gold Leaf wọ Formula 1, àwọ̀ orílẹ̀-èdè ni ọkọ̀ Grand Prix ń wọ̀: Faransé búlúù, Gẹ̀ẹ́sì ewéko, Italy pupa, Jámánì fàdákà, Belgium yẹ́lò.

Àwọn ènìyàn

Ère kékeré 54 mílímítà tí àwọn tó ń kó ṣọ́jà jọ ń rà ló bá 1/32 mu. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ nínú ike lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ àti ìga rẹ̀ kì í sábà bára mu. Ẹ wo aṣọ: ọkùnrin pẹ̀lú fìlà tàbí bérẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù funfun tí wọ́n ká apá rẹ̀, obìnrin nínú gáùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀, mẹkáníìkì nínú kọ́ńbínẹ́ẹ̀sọ̀n, jáńdáàmù pẹ̀lú képi. Awakọ̀ kò ní kásìkì tó bo gbogbo ojú. Ti orí nìkan ni, pẹ̀lú gíláàsì ojú. Kò sí ẹni tó wọ fílípìnì lọ wo eré, kò sì sí ẹni tó gbé fóònù sókè.

Ẹ má tò wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Àwọn èrò máa ń dúró ní méjì mẹ́ta, ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí eré, òmíràn ń wá ọmọ rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe ń gbó

Ohun tuntun ló ń tú àṣírí maquette. Ọ̀nà mẹ́ta la fi ń sọ nǹkan di àgbà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú, tí a dà sára ògiri kó ṣàn wọ kọ̀rọ̀. Èkejì, búrọ́ọ̀ṣì tí a ti nù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí a wá fi kàn orí etí nǹkan kí ó tàn. Ẹ̀kẹta ni eruku, ibí yìí sì ni àwa olùkọ́ ti ní ọrọ̀ tí a ò mọ̀: ẹfun ojú pátákó. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ kun etí títì, ẹsẹ̀ ògiri, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dúró. Ilẹ̀ ẹlẹ́fun bíi ti Champagne, irú eruku tó ń gbé sókè nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ fọ́n vernis tí kì í dán lé e lórí kó lè dúró, kí ẹ sì mọ̀ pé vernis máa ń gbé ìdajì rẹ̀ pamọ́, nítorí náà ẹ kùn ún pọ̀ díẹ̀.

Bákan náà, àwọ̀ ohun tó jìnnà máa ń ṣá. Ẹ fi funfun díẹ̀ pò mọ́ gbogbo ọ̀dà tí ẹ fẹ́ lò fún ẹ̀yìn tábìlì.

Eré wákàtí 12 ti Reims ní òru ló ń bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ni wọ́n ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti òru lè fi gílóòbù LED kéékèèké sábẹ́ òrùlé àwọn stand. Kí ìmọ́lẹ̀ wọn jẹ́ yẹ́lò, má ṣe jẹ́ funfun bíi ti ilé ìwòsàn. Iná iwájú ọkọ̀ Faransé pẹ̀lú, yẹ́lò ni, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ títí di 1993. Ẹ fi ọ̀dà yẹ́lò tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá kan ojú iná ọkọ̀ àwọn ará Faransé.

Nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan náà yìí, páálí àti kọ́lù funfun àti iyèpẹ̀ jíjọ̀, la fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe lè ṣe maquette Àkàbà Ìdènà ti Kétu fún kíláàsì wọn. Ibẹ̀, ẹ má fi ẹfun pa iyèpẹ̀ pupa.

Ìtọ́jú

Kí ẹ tó ṣeré, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin ọ̀nà, torí eruku ló ń dí kúráàn lọ́wọ́. Tí irin bá ti dípátá, rọ́bà ìpàwérẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò nù ún láéláé: fọ́nrán rẹ̀ á já, òòfà inú ọkọ̀ á fà á, mọ́tò á jóná. Ẹ fi aṣọ bo tábìlì tí ẹ bá ṣeré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbọn eruku orí àlìkámà, kí ẹ sì wo abẹ́ fóòmù bóyá ikán ti wọlé. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí eré yìí ní Yúróòpù kì í sọ̀rọ̀ ikán. Ẹsẹ̀ tábìlì yín, ẹ gbé e sínú agolo tó ní epo díẹ̀.